“Kọ ọ́ wá kí n fọwọ́ sí i”: Ìbéèrè yín lórí lílọ kàwé MBA lókè òkun

Láti Kubwa dé Kánò, láti Kàdúná dé Jọ́ọ̀sì, lẹ́tà tí àwọn òǹkàwé wa ní Àbújá àti Òkè Ọya kọ sí wa lóṣù yìí lórí MBA, digirí kejì nínú ìmọ̀ okòwò, pọ̀ gan-an. Díẹ̀ nínú wọn ló ń bèèrè bóyá ọpọlọ òun lè gbé e. Ìwé ló ń dààmú àwọn tó kù: orúkọ tí kò bára mu, ọ̀gá tí kò ráyè, owó tó wà lọ́wọ́ ẹbí ṣùgbọ́n tí kò sí nínú àkáǹtì ẹni tó ń lọ. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, nítorí náà ibẹ̀ la ó dúró lé.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Orúkọ bàbá mi ló wà lórí WAEC àti digirí tí mo gbà ní Sáríà. Orúkọ ọkọ mi ló wà lórí NIN. Páásípọ́ọ̀tù mi ti kú láti ọdún tó kọjá. Èwo ni kí n fi forúkọ sílẹ̀ fún GMAT, ìdánwò àṣewọlé MBA? — Òṣìṣẹ́ báńkì, Kàdúná

Ẹ má tíì sanwó ìdánwò kankan, ẹ jọ̀wọ́. Wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìdánwò, ó le ju ìjánu lọ. Orúkọ orí páásípọ́ọ̀tù lẹ ó fi forúkọ sílẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, torí pé páásípọ́ọ̀tù yẹn ni wọ́n máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tó wà lórí kọ̀ǹpútà wọn lọ́jọ́ ìdánwò. Bí “Oluwaseun” bá di “Seun” níbì kan ṣoṣo, wọ́n lè dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà, owó náà á sì wọgbó.

Páásípọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀, inú NIN ló ti ń mú orúkọ. Torí náà, NIN lẹ ó kọ́kọ́ tún ṣe, páásípọ́ọ̀tù á tẹ̀lé e, ìdánwò á gbẹ̀yìn. Àwọn tó bá yí ètò yìí padà ni wọ́n máa ń sáré kiri láàárín oríkò NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, ní Wuse Zone 5 àti oríkò Immigration ní Sauka, nígbà tí ọjọ́ ìdánwò ti ku ọ̀sẹ̀ kan.

Bó bá jẹ́ orúkọ ọkọ lẹ fẹ́ máa jẹ́ lọ, ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó ló so orúkọ méjèèjì pọ̀. Ẹ tún gba ìwé ìbúra nílé ẹjọ́ gíga, kí ẹ sì gbé ìyípadà orúkọ náà jáde nínú ìwé ìròyìn. Ẹ má gé ibi tí orúkọ yín wà níkan kí ẹ ju ìyókù nù. Odindi ojú ewé náà ni kí ẹ tọ́jú, kí orúkọ ìwé ìròyìn àti ọjọ́ tó jáde lè hàn. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú PDF kan, kí ẹ so ó mọ́ digirí yín. Yunifásítì yín kò ní láti tẹ digirí mìíràn fún yín.

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án 2025, páásípọ́ọ̀tù olójú ewé 32 tó ń lo ọdún 5 ti di ₦100,000, olójú ewé 64 tó ń lo ọdún 10 sì di ₦200,000. Bí agbára bá ká a, ẹ gba ti ọdún 10. Páásípọ́ọ̀tù tó kú mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ní ìlú òyìnbó ń gba àkókò àti owó ọkọ̀ tí kò yẹ kó ná.

Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo wà níbí, ọdún keje rèé. Dáírẹ́kítọ̀ mi fẹ́ràn mi dáadáa. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún wọn, ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Kọ ọ́ wá kí n fọwọ́ sí i.” Ṣé kí n kọ ọ́? — Òṣìṣẹ́ ìjọba, Lugbe

Ẹ má kọ ọ́ o. A mọ̀ pé kò sí ìkà nínú ohun tí ọ̀gá yín sọ. Bí a ti ń ṣe ìwé ní sẹkitéríàtì nìyẹn: ọmọ iṣẹ́ á kọ ọ́, àgbà á fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kì í gba lẹ́tà yìí lọ́wọ́ yín rárá. Àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì ọ̀gá lẹ ó fún wọn, àwọn á fi líńkì ránṣẹ́ sí i, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí i, tí yóò dáhùn, tí yóò sì fi ránṣẹ́. Àwọn tó ń ka ìwé wọ̀nyí, ọdọọdún ni wọ́n ń kà á; bí gbólóhùn inú lẹ́tà bá jọ ti inú àròkọ yín, wọ́n máa mọ̀ pé ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì. Bí àṣírí náà bá sì tú lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà yín, wọ́n lè gba àyè náà padà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí fọ́ọ̀mù náà ń bèèrè gan-an. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ okòwò ló ń lo fọ́ọ̀mù kan náà tí GMAC, àwọn tó ni GMAT, ṣètò. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bí ọ̀gá ṣe mọ̀ yín, ọ̀rọ̀ 50 péré. Ìkejì: báwo ni iṣẹ́ yín ṣe rí bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn mìíràn tó dáńtọ́ ní irú ipò yẹn, pẹ̀lú àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ 500. Ìkẹta: kí ni ìmọ̀ràn ìtọ́sọ́nà tó ṣe pàtàkì jù tí ẹ fún ẹni yìí rí, kí ló fà á, kí ló sì ṣe sí i? Ìyẹn náà, ọ̀rọ̀ 500.

Ìkẹta yìí ni lẹ́tà àwọn èèyàn wa ti ń ṣubú. Ọ̀gá tó fẹ́ràn ọmọ abẹ́ rẹ̀ kò ní fẹ́ tú àléébù rẹ̀ síta lójú àlejò. Yóò kọ pé, “Ọmọlúwàbí ni, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, kò ní àbùkù kankan.” Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni lọ́dọ̀ wa. Lójú ẹni tó ń kà á ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọ̀gá yìí kò sún mọ́ iṣẹ́ ẹni tó ń jẹ́rìí fún. Ẹ ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí fún ọ̀gá yín lójúkojú, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó tó ṣí líńkì náà.

Bí ẹ ṣe lè ràn án lọ́wọ́ láìkọ lẹ́tà fún un ni kí ẹ mú ìwé ìránnilétí ojú ewé kan lọ. Ẹ má gbé àpọ́nlé kankan síbẹ̀, ẹ má sì kọ gbólóhùn tó lè dà kọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ ni kó wà níbẹ̀. Irú èyí, fún àpẹẹrẹ:

“Oṣù kẹta 2023: àkọsílẹ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ 1,140. Orúkọ 37 wọlé lẹ́ẹ̀mejì, èmi ni mo rí i. Ẹ ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dítọ̀. Oṣù kẹjọ 2023: ẹ pè mí wọ ọ́fíìsì, ẹ ní mò ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe, n kì í pín in fún àwọn ọmọ. Láti oṣù kẹsàn-án, àwọn méjì ni wọ́n ń ṣe àkọsílẹ̀ náà, èmi ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ Ajé.”

Ti oṣù kẹjọ yẹn ni yóò dáhùn ìbéèrè kẹta. Ọ̀gá ti gbàgbé pé òun bá yín wí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin lẹ máa rán an létí.

Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 6, kí ẹ padà lọ kí i ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹ má gbé e lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ìgbà tí ọkàn gbogbo èèyàn ti kúrò ní ọ́fíìsì. Bó bá ní ímeèlì tó parí sí gov.ng, òun ni kí ẹ kọ sí fọ́ọ̀mù. Gmail kò fi hàn pé ọ̀gá ló ni ín, ilé ẹ̀kọ́ sì lè béèrè ẹ̀rí. Ẹ sọ fún un kó wo àpò spam, torí ibẹ̀ ni líńkì máa ń há sí. Ẹ má sì jẹ́ kó dáhùn lórí kọ̀ǹpútà yín láé, ì báà jẹ́ pé iná kò sí lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Bí Dáírẹ́kítọ̀ bá ga jù tí kò rí iṣẹ́ yín lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí igbákejì rẹ̀ tó ń rí i jẹ́rìí. Ẹni tó lè sọ pé “mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀” sàn ju ẹni tí oyè rẹ̀ gùn.

Ní 2019, mo bójú tó ọjà ìrẹsì ₦92 mílíọ̀nù fún ilé iṣẹ́ kan. Lórí CV, ṣé náírà ni kí n kọ àbí dọ́là? — Mánìjà ọjà, Kánò

Ẹ kọ méjèèjì, ṣùgbọ́n iye tí dọ́là jẹ́ lọ́dún náà ni kí ẹ fi ṣírò ó. Ní 2019, nǹkan bí ₦307 ni dọ́là kan lọ́dọ̀ báńkì àpapọ̀. ₦92 mílíọ̀nù nígbà náà súnmọ́ $300,000. Bí ẹ bá fi nǹkan bí ₦1,500 tí dọ́là jẹ́ ní 2025 ṣírò ó, iṣẹ́ kan náà á di nǹkan bí $61,000, ẹ sì ti fi ọwọ́ ara yín sọ iṣẹ́ yín di ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ kọ ọdún náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè yé òǹkàwé.

CV ojú ewé kan ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ yọ àwòrán, ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn àti ìpínlẹ̀ tí ẹ ti wá kúrò níbẹ̀.

3.42 nínú 5.00 ni mo gbà ní Bayero. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n sọ ọ́ di 4.00 kí òyìnbó lè lóye rẹ̀. Ṣé GMAT lè bò mí? Ṣé mo sì lè ṣe é nílé? — Akáwùntánì, Kánò

Ọ̀rẹ́ yín fẹ́ ṣe yín lóore ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbà. Bí ẹ bá fi ìṣirò lásán sọ 3.42 di ti 4.00, 2.74 ló máa jẹ́, ó sì máa dà bí ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fìdí rẹmi. Ẹ kọ 3.42/5.00 bó ṣe wà, kí ẹ kọ Second Class Lower sí i. Àwọn tó ń gba ìwé wọlé mọ̀ pé lórí òṣùwọ̀n wa 2.40 ni ìpele yẹn ti bẹ̀rẹ̀, àti pé 3.50 ni ti òkè rẹ̀. Wọ́n á rí i pé 0.08 péré ló kù fún yín. Àlàyé òṣùwọ̀n máàkì sábà máa ń wà lẹ́yìn transcript. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ya iwájú nìkan, wọ́n á gbàgbé ẹ̀yìn. Ẹ ya méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń gba ẹ̀dà tí ẹ yà fúnra yín nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé wọlé; wọn kì í bèèrè ojúlówó lọ́wọ́ yunifásítì títí wọn yóò fi gbà yín. Torí náà, ẹ má sanwó transcript fún ilé ẹ̀kọ́ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó bá ní kí ẹ gba ọ̀dọ̀ WES, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò, kọjá nìkan lẹ ó tètè ṣe tiwọn, nítorí ọ̀dọ̀ yunifásítì ni WES ti ń gba ìwé tààrà, ẹ sì mọ bí ọ́fíìsì transcript ṣe ń rìn.

GMAT lè ràn yín lọ́wọ́ gan-an, pàápàá bí máàkì ìṣirò bá dára. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àwọn ìwé àlòkù tí wọ́n ń tà káàkiri. GMAT yí padà ní ìparí 2023. Apá mẹ́ta ló kù báyìí: Quantitative ìbéèrè 21, Verbal ìbéèrè 23, Data Insights ìbéèrè 20, ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí àròkọ mọ́, kò sí jẹ́ọ́mẹ́tírì mọ́, kò sí àtúnṣe gírámà. Data Insights nìkan ni ẹ ti lè lo kalikulétọ̀, orí kọ̀ǹpútà ló sì wà. Láti 205 dé 805 ni máàkì náà, márùn-ún ló sì ń parí rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tó gba 645 lónìí, ó wà ní ipò ẹni tó gba 700 nínú ti àtijọ́. Ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ṣe ti àtijọ́ fi nọ́ńbà dẹ́rù bà yín. Ọjọ́ 16 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdánwò kan àti èkejì, ẹ kò sì lè ju ìgbà 5 lọ láàárín oṣù 12. Ọdún 5 ni máàkì náà ń lò.

Ẹ lè ṣe é nílé, àmọ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ iná dáadáa. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ gbé wákàtí mẹ́ta kì í kú bí NEPA bá mú iná. Róútà ló máa ń kú. Iná ṣẹ́ fìrí, ó padà dé, láptọ́ọ̀pù kò tilẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n róútà ti pa ara rẹ̀, ó sì ń gba ìṣẹ́jú méjì kó tó tún jí. Láàárín ìṣẹ́jú méjì náà, ẹni tó ń ṣọ́ yín kò rí yín mọ́, wọ́n sì lè fagi lé ìdánwò náà. Ẹ ra UPS kékeré fún róútà nìkan, tàbí kí ẹ so ó mọ́ ínfátà, kí ẹ sì yọ wáyà iná nídìí ìta láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú kí ẹ wò ó bóyá ó dúró. Ẹ kò lè lo bébà; pátákó funfun kékeré àti máákà tó ṣe é nù ni wọ́n gbà. Fóònù kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí ọwọ́ yín. Ẹ ti ilẹ̀kùn, torí ọmọ kékeré tó wọlé wá bèèrè omi lè parí ìdánwò náà. Bí ilé yín kò bá gba gbogbo èyí, ẹ lọ ṣe é ní ibùdó ìdánwò.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Manchester ti gbà mí. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì ló fẹ́ ná gbogbo owó náà, ó sì wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Ṣé stétímẹ́ǹtì rẹ̀ àti lẹ́tà rẹ̀ tó fún fíísà? — Àbúrò rẹ̀, Jọ́ọ̀sì

Kò tó, ó sì dùn wá láti sọ ọ́, torí ẹ̀gbọ́n ló ń rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sílé ìwé nílẹ̀ wa. Òfin fíísà akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò bàbá, kò mọ ẹ̀gbọ́n ìyá. Àkáǹtì ti ara yín, tàbí ti òbí yín tàbí alágbàtọ́ tí òfin mọ̀, ni wọ́n sábà máa ń wò. Bó bá jẹ́ ti òbí, ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda wọn á bá a rìn. Kí ẹ̀gbọ́n gbé owó náà bọ́ sínú àkáǹtì yín, kó kọ lẹ́tà tó fi sọ pé ẹ̀bùn ni, kó sì fún yín ní stétímẹ́ǹtì òwò rẹ̀, kí ẹ lè fi ibi tí owó ti wá hàn bí wọ́n bá bèèrè.

Iye rẹ̀ rèé, láti oṣù kọkànlá 2025: £1,171 lóṣù kan fún ibi tí kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù, fún oṣù 9, ìyẹn £10,539. Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ £1,529 lóṣù, £13,761 lápapọ̀. Ẹ ó fi owó ilé ìwé ọdún àkọ́kọ́ tó bá ṣẹ́ kù lórí CAS yín, ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ fi jẹ́rìí fún fíísà pé òun gbà yín, kún un. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 láìyẹ̀, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn nínú stétímẹ́ǹtì kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́.

Ohun méjì ló ń ba èyí jẹ́. Èkíní ni owó kéékèèké: báńkì yọ owó SMS, ó yọ owó káàdì, owó náà sì rẹlẹ̀ sí iye tí wọ́n fẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ kan náà tó fún wọn láti kọ̀. Èkejì ni náírà. Ìkànnì OANDA ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣírò owó, iye tó jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ fi ìwé ránṣẹ́ ni wọ́n sì ń lò. Náírà tó pé lọ́jọ́ kìn-ín-ní lè dín kù lọ́jọ́ 28 láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣí àkáǹtì dọ́mù (àkáǹtì owó ilẹ̀ òkèèrè) ti pọ́n-ùn, kí ẹ fi owó náà sí i. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi ìdá mẹ́wàá sí márùndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún lé e.

Ẹ má san owó ìlera tí wọ́n ń gbà mọ́ ti fíísà nínú àkáǹtì yìí. £776 ni fún ọdún kan, MBA olóṣù 12 sì máa ń jẹ́ £1,164, torí oṣù díẹ̀ tí wọ́n fi lé e lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Àkáǹtì mìíràn ni kí ìyẹn ti jáde. Ẹ tún lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife lọ́dọ̀ IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, ní Àbújá. Oṣù 6 ni ìwé rẹ̀ ń lò, torí náà ẹ má tètè lọ jù.

Ṣé mo lè mú ìyàwó àti ọmọ mi méjì dání? — Bàbá Ìbejì, Kubwa

Fún MBA ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rárá, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìíní 2024, àfi ẹni tí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba bíi Chevening bá gbé lọ. Chevening sì ń fẹ́ iṣẹ́ ọdún méjì, wákàtí 2,800, oṣù kẹjọ ló sì sábà máa ń ṣí. Kánádà ṣì ń fún ìyàwó tàbí ọkọ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé iṣẹ́ bí ẹ̀kọ́ náà bá tó oṣù 16. Ẹ ka iye oṣù kí ẹ tó yan ilé ẹ̀kọ́. MBA ọdún kan kò tó o.

Amẹ́ríkà ńkọ́? — Ọ̀pọ̀ òǹkàwé

Ní oṣù kejìlá 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìíní 2026, òun kò ní máa fún ọmọ Nàìjíríà ní fíísà F tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ẹni tí fíísà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ṣáájú ọjọ́ náà kò sí nínú rẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ bá ti gbà yín, ẹ má san owó ìdógò títí wọn yóò fi dá yín lóhùn lórí ìwé nípa nǹkan méjì: ṣé wọ́n lè tọ́jú àyè náà fún yín di ọdún tó ń bọ̀, ṣé wọ́n á sì dá owó ìdógò padà bí fíísà kò bá ṣeé ṣe? Àwọn tí kò tíì fi ìwé ránṣẹ́, ẹ wo INSEAD àti HEC Paris ní ilẹ̀ Faransé, IESE ní Barcelona, Rotman ní Toronto. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni ní gbogbo wọn, máàkì GMAT yín sì wúlò níbẹ̀.